ADẸ́MU DÀ? ÀYẸ̀WÒ LÁMÈYÍTỌ́ SÍ ÌBẸ̀WÒ ILÉ ÌPỌNTÍ NÍ ILẸ̀ YÚRÓÒPÙ

Ìfáàrà

Nínú ìtàn àròsọ Yorùbá, ẹni tí ó bá gbọ̀nà kì í lọ lásán. Ohun kan ti sọnù lọ́wọ́ rẹ̀, tàbí ọba ni ó rán an níṣẹ́, tàbí ìyà ni ó lé e jáde nílé. Ìrìn-àjò afẹ́, èyí tí ènìyàn fi owó ara rẹ̀ rà, tí kò sì sí ohun tí ó ń wá nínú rẹ̀ ju kí ojú rí, kí ọkàn sì gbádùn lọ, jẹ́ àlejò nínú ìwé wa. D. O. Fágúnwà, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ mọ ìtàn ọdẹ inú igbó, wà lára àwọn tí ó fún àlejò yìí ní àga: ó kọ Ìrìnàjò Apá Kìíní, tí ó jáde ní 1949, àti Apá Kejì ní 1951, lẹ́yìn tí ó ti gbé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Láti ìgbà náà wá, àìmọye ọmọ Yorùbá ni ó ti fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ Yúróòpù, tí wọ́n sì ti rí i pé kì í ṣe ààfin àti ṣọ́ọ̀ṣì ńláńlá nìkan ni wọ́n ń mú àlejò lọ wò níbẹ̀. Ilé-iṣẹ́ pàápàá ti di ìran. Àlejò ń sanwó wọ ilé ìpọntí, ó ń sanwó wọ ilé ṣokoléètì, ó sì ń lọ wo ibi tí àwọn awakùsà ti ń wa èédú rí. Ibi ìwa-èédú Zollverein ní ìlú Essen ní Jámánì, tí iṣẹ́ dáwọ́ dúró nínú rẹ̀ ní 1986, ni àjọ UNESCO kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn ohun àjogúnbá gbogbo ayé ní 2001.

Iṣẹ́ yìí yóò fi ojú lámèyítọ́ wo ọ̀kan nínú irú ìbẹ̀wò bẹ́ẹ̀, èyíinì ni ìbẹ̀wò ilé ìpọntí. Bóyá ọtí náà dùn tàbí kò dùn kò kan iṣẹ́ yìí, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọ̀rọ̀ bóyá ọtí mímu dára tàbí kò dára. Àwọn oníwàásù ń ṣe ìyẹn. Ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò ni ìtàn tí ilé náà ń sọ fún àlejò: ta ni olú ẹ̀dá-ìtàn rẹ̀, níbo ni ó ti bẹ̀rẹ̀, ta ni ó sì fi sílẹ̀ sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn.

Ó ṣeé ṣe kí ẹnìkan bèèrè pé kí ni ó kan ẹni tí ń kọ́ lítíréṣọ̀ nínú ọ̀rọ̀ ilé ọtí. Ìdáhùn kò jìnnà. Àwọn onímọ̀ lítíréṣọ̀ alohùn Yorùbá kò kọ ìpolówó ọjà sílẹ̀. Wọ́n ti gbà pé ẹni tí ń polówó ẹ̀kọ gbígbóná ń lo èdè gẹ́gẹ́ bí akéwì ti ń lò ó. Ẹni tí ó bá ti gba ọjà Ṣàngó kọjá ní Ìbàdàn ní òwúrọ̀ kò ní jiyàn èyí. Ìbẹ̀wò ilé ìpọntí jẹ́ ìpolówó tí a fi bíríkì àti irin kọ́. Ó ní ìbẹ̀rẹ̀, ó ní àárín, ó ní òpin. Ó ní ohùn tí ń ṣàlàyé. Ó ní akọni tí à ń kì. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ó yẹ kí a lè fi òṣùwọ̀n ìtàn wọ̀n ọ́n, òṣùwọ̀n náà sì wà nílé, kò sí ìdí tí a ó fi lọ yá a lóde.

Ọ̀mùtí gẹ́gẹ́ bí Òṣùwọ̀n

Ìtàn kan wà tí ó jẹ́ ti wa, tí ó sì jẹ́ ìtàn ẹni tí ó rìnrìn-àjò nítorí ohun mímu. Amos Tutùọlá, ọmọ Abẹ́òkúta, ni ó kọ The Palm-Wine Drinkard ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ìlú London ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1952. Ní 1963, Kọ́lá Ògúnmọ́lá sọ ìtàn náà di eré orí ìtàgé ní èdè Yorùbá ní Yunifásítì Ìbàdàn, ó pè é ní Ọ̀mùtí, ó sì sọ olú ẹ̀dá-ìtàn rẹ̀ ní Lánkẹ́. Kò sí ìwé mìíràn nínú àwọn tí ó ti ọ̀dọ̀ wa jáde tí ó bá ọ̀rọ̀ tí ó wà nílẹ̀ yìí mu tó o.

Ẹni tí ó bá ń ka ìwé Tutùọlá ní kánmọ́kánmọ́ yóò sọ pé ẹmu ni ọ̀mùtí náà ń wá kiri. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Bàbá rẹ̀ fún un ní oko ọ̀pẹ tí igi inú rẹ̀ jẹ́ 560,000, ó sì wá adẹ́mu kan fún un tí kò ní iṣẹ́ mìíràn ju kí ó máa dá ẹmu lójoojúmọ́. Lọ́jọ́ tí adẹ́mu jábọ́ láti orí ọ̀pẹ tí ó sì kú, kò sí igi kan ṣoṣo tí ó kúrò nínú oko náà. Ọ̀pẹ ń bẹ lórí ìdúró, oje ń bẹ nínú ọ̀pẹ. Síbẹ̀ kò sí ẹmu. Ó wá adẹ́mu mìíràn títí, kò rí ẹni tí ó lè dá ẹmu tí yóò tó o. Omi lásán ni ó ń mu. Àwọn ọ̀rẹ́ tí ó ti ń bá a mu kò yà sí ọ̀dọ̀ rẹ̀ mọ́. Nígbà náà ni ó mú ọ̀nà Ìlú Àwọn Òkú pọ̀n láti lọ wá ẹni tí ó kú náà.

Ẹni ni ó ń wá. Èyí ni kókó tí iṣẹ́ yìí dúró lé lórí. Lójú Tutùọlá, ẹmu kì í ṣe ohun tí ọ̀pẹ fún ènìyàn. Ohun tí ọwọ́ kan, tí ó mọ igbà í ta, tí ó mọ ibi tí à á dá lára ọ̀pẹ, gbà lọ́wọ́ ọ̀pẹ ni. Bí ọwọ́ náà bá lọ, ẹmu lọ. Àníyàn ọ̀mùtí náà kò mọ́ gaara o: ìfẹ́ ọ̀fun ara rẹ̀ ni ó gbé e dìde, kì í ṣe ìfẹ́ adẹ́mu. A kò tilẹ̀ gbọ́ pé ó bèèrè ohun tí iṣẹ́ náà ń ná adẹ́mu nígbà tí ó wà láàyè. Ṣùgbọ́n òǹkọ̀wé kò jẹ́ kí ó sinmi títí tí ó fi fi ojú kan ojú ẹni náà, tí ó sì gbọ́ láti ẹnu rẹ̀ pé òun kò lè bá a padà sílé, nítorí pé òkú kì í bá alààyè gbé. Ohun tí ó rí gbà bọ̀ ni ẹyin kan, ẹyin tí ó fi bọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn ní àkókò ìyàn kí ó tó fọ́.

Kò sí àní-àní pé ìtàn náà le. Ó fi òùngbẹ bẹ̀rẹ̀, ó fi gbèsè parí.

Ilé Alájà Méje ní Dublin

Ìlú Dublin ní Ireland ni ibi tí irú ìbẹ̀wò yìí ti gbilẹ̀ jù. Ní 1759, Arthur Guinness gba ilé ìpọntí kan ní St. James's Gate, ó sì bá onílẹ̀ ṣe àdéhùn ọdún 9,000, pé òun yóò máa san pọ́n-ùn 45 lọ́dọọdún. Ilé tí àwọn àlejò ń wọ̀ lónìí kì í ṣe èyí tí Arthur bá níbẹ̀. A kọ́ ọ parí ní 1904, òpó irin ni ó gbé e ró, ibẹ̀ sì ni wọ́n ti ń da ọtí sí kí ó máa kan. Iṣẹ́ náà dúró níbẹ̀ ní 1988. Ní 2000 ni wọ́n ṣí i fún àwọn arìnrìn-àjò afẹ́. Àjà méje ni ó ní, wọ́n sì ṣe àárín rẹ̀ bí ife ọtí tí ó ga láti ilẹ̀ dé òkè. Ní 2019, àwọn tí ó wọ ibẹ̀ ju mílíọ̀nù kan àti ààbọ̀ lọ.

Ohun àkọ́kọ́ tí àlejò ń bá pàdé ni ìwé àdéhùn ọdún 9,000 náà, tí wọ́n tọ́jú sí inú ilẹ̀, ní ìsàlẹ̀ ife gìrìwò náà. Ẹni tí ó bá mọ ìtàn ìtẹ̀dó Yorùbá yóò mọ irú ìtàn tí ó fẹ́ gbọ́ lójú ẹsẹ̀. Gbogbo ìlú wa ni ó ní ibi tí olùtẹ̀dó ti gbé fi ẹsẹ̀ lélẹ̀, igi tàbí òkúta tí a ń fi han àlejò. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ilé yìí ṣe. Ó fi olùtẹ̀dó ṣáájú, ó fi ẹ̀rí ilẹ̀ tì í lẹ́yìn, ó sì fi iye ọdún tí kò ṣeé rò lọ́kàn sọ pé ìdílé náà kò ní kúrò láéláé. Gẹ́gẹ́ bí ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn, ó dára, àwọn tí ó ṣètò rẹ̀ mọ iṣẹ́ wọn. Ìyàtọ̀ kan ni ó wà. Ìtàn ìtẹ̀dó tiwa kì í sábà dárúkọ olórí nìkan. A óò gbọ́ ti ẹrú tí ó ru igbá, ti babaláwo tí ó dá Ifá, ti ọdẹ tí ó kọ́kọ́ rí odò. Ní Dublin, Arthur dá nìkan wà ní ẹnu ọ̀nà.

Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti ń mú àlejò lọ sí ọ̀dọ̀ ohun mẹ́rin tí a fi ń pọn ọtí náà: omi, ọkà báálì, òdòdó hops àti ìwúkàrà. Omi ń ṣàn wálẹ̀ láti òkè, ọkà wà níbẹ̀ tí àlejò lè fi ọwọ́ kàn. A óò padà sí ọ̀rọ̀ ọkà yìí, nítorí pé ó ní ohun tí ó kan ọmọ Nàìjíríà nínú.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá rò pé òun ti dé ibi tí a ti ń pọn ọtí ti ṣì í. Ilé ìpọntí gan-an ń ṣiṣẹ́ nínú ọgbà kan náà, ọ̀nà ìbẹ̀wò yìí kò sì gba ibẹ̀ kọjá. Èyí tí ó wọ̀ ni èyí tí iṣẹ́ ti kúrò nínú rẹ̀. Yorùbá ní ilé ọba tí ó jó, ẹwà ni ó bù sí i. A kò lè sọ pé ilé náà kò lẹ́wà ju bí ó ti wà nígbà tí ọtí ń kan nínú rẹ̀ lọ. Ẹwà náà ni kí a fura sí. Ilé-iṣẹ́ tí ń ṣiṣẹ́ ń hó, ó ń rùn, ó ń gbóná; òṣìṣẹ́ inú rẹ̀ ń wo aago. Nígbà tí gbogbo èyí bá ti kúrò ni ilé-iṣẹ́ tó di ibi tí a lè mú ìyàwó àti ọmọ lọ ní ọjọ́ ìsinmi.

Ibì kan wà nínú ilé náà tí ó dára ju gbogbo ìyókù lọ, ó sì tọ́ kí a sọ ọ́ láìṣe ojúsàájú. Níbẹ̀ ni a ti ń rí àwọn tí ń kan àgbá. Nígbà kan rí, àgbá onígi ni wọ́n fi ń gbé ọtí náà jáde, iṣẹ́ ọwọ́ sì ni àgbá kíkàn: oníṣẹ́ náà ń fi ojú wọn igi, kì í fi ọ̀pá wọ̀n ọ́n, síbẹ̀ àgbá rẹ̀ kì í jò. Àgbá irin ni ó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn. Nígbà tí ó fi di àwọn ọdún 1960, àgbá onígi ti tán nílẹ̀. Inú fíìmù àtijọ́ ni wọ́n wà nísinsìnyí, láìní àwọ̀, tí wọ́n ń lu irin mọ́ igi lára, láìdúró, láti òwúrọ̀ títí di àkókò tí wọ́n ń ti ilẹ̀kùn. Àlejò ń dúró wò wọ́n pẹ́. Kò sí ẹni tí ó lè bi wọ́n ní ìbéèrè. Bí a bá fi ojú ìtàn ọ̀mùtí wò ó, ibẹ̀ ni Ìlú Àwọn Òkú nínú ilé alájà méje náà, ibẹ̀ nìkan sì ni a ti rí adẹ́mu. Ó dùn mọ́ni pé ó wà. Ṣùgbọ́n àlejò tí ó bá kúrò níbẹ̀ yóò máa rò pé ọjọ́ tí àgbá onígi tán ni ọwọ́ ènìyàn kúrò nínú iṣẹ́ ọtí, pé láti ìgbà náà ẹ̀rọ ni ó ń dá a ṣe.

Òpin ìrìn-àjò wà lókè pátápátá. Yàrá onígíláàsì ni, tí a ti lè rí gbogbo ìlú, àlejò sì ń fi tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ gba ife ọtí kan. Ọ̀mùtí rìn títí, ó gba ẹyin. Àlejò gun òkè, ó gba ife. Ẹyin bọ́ agbo ènìyàn tí kò sanwó. Ife jẹ́ ti ẹni tí ó mú tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́, ó sì ti san owó rẹ̀ ní ìsàlẹ̀ kí ó tó gòkè. Kò sí ewu kankan lójú ọ̀nà. Nínú ìtàn ìwáṣẹ̀ tiwa, ẹmu ni Ọbàtálá mu tí oorun fi gbé e lọ, tí Odùduwà fi gba iṣẹ́ dídá ilẹ̀ ayé ṣe, ìdí nìyí tí àwọn ọmọ rẹ̀ kì í fi í mu ẹmu títí di òní. Ohun mímu tí kò lè ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kò tíì wọ inú ìtàn Yorùbá kan. Ní Dublin, kò sí ẹni tí ó sùn lọ.

Nígbà tí Àlejò bá di Ọtí

Ìlú Amsterdam ní ilẹ̀ Họ́láǹdì tún gbé ọ̀rọ̀ náà síwájú díẹ̀. Ilé ìpọntí Heineken tí ó wà níbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1867, wọ́n sì dáwọ́ iṣẹ́ dúró nínú rẹ̀ ní 1988, ọdún kan náà tí iṣẹ́ dúró nínú ilé Dublin. Wọ́n ṣí i fún àlejò ní 1991. Ní 2001 ni wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà sí Heineken Experience.

Lẹ́yìn àtúnṣe tí ó parí ní 2008, ohun kan wà nínú rẹ̀ tí lámèyítọ́ kò lè gbójú fò. Wọ́n ń mú àlejò wọ yàrá kan, àwòrán ńlá wà níwájú rẹ̀, ilẹ̀ ń mì ní abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Wọ́n á fi ooru fẹ́ ẹ, wọ́n á ta omi sí i lára, wọ́n á sì máa sọ fún un pé òun gan-an ni ọtí tí wọ́n ń pọn: òun ni ọkà tí wọ́n rẹ, òun ni wọ́n ń sè, òun ni wọ́n ń rọ sínú ìgò. Eré ọmọdé ni, àwọn ènìyàn sì ń rẹ́rìn-ín. Síbẹ̀ ìyípadà ńlá ni ó ti dé bá ìtàn. Nínú ìtàn tí ó ti ń sọ nípa ohun tí a ń ṣe, ipò méjì ni ó wà fún ènìyàn: ẹni tí ń ṣe é àti ẹni tí yóò jẹ ẹ́ tàbí mu ún. Ní Amsterdam, wọ́n yọ ẹni tí ń ṣe é kúrò pátápátá. Ọtí ni ẹ̀dá-ìtàn, àlejò ni ọtí, ọwọ́ tí ń pọn ọtí kò sì sí níbì kankan. Ooru wá fúnra rẹ̀, ìgò wá fúnra rẹ̀. Ìlú Dublin fi òkú adẹ́mu hàn wá. Amsterdam kò fi nǹkan kan hàn.

Ọ̀rọ̀ Kòkó

Kò yẹ kí a pẹ́ níbi kòkó, nítorí pé ọtí ni a ń sọ, ṣùgbọ́n ọmọ Ìbàdàn kò lè gba ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ kọjá kí ó má yà. Ilé-iṣẹ́ Cadbury ní Bournville, nítòsí Birmingham, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1879. Ní 1990 ni wọ́n ṣí ibùdó tí a ń pè ní Cadbury World sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ fún àwọn arìnrìn-àjò. Ilé-iṣẹ́ ìdílé yìí kan náà ni ìròyìn kàn ní 1901 pé iṣẹ́ ẹrú ni wọ́n fi ń gbin kòkó ní erékùṣù São Tomé tí wọ́n ti ń rà á, tí wọn kò sì dáwọ́ rírà náà dúró títí di 1909. Àwọn àgbẹ̀ Gold Coast, tí a ń pè ní Gánà lónìí, ni wọ́n wá yíjú sí. Ìtàn ṣokoléètì tí ó bá bẹ̀rẹ̀ láti inú ìkòkò tí ó ti ń hó ti bẹ̀rẹ̀ ní àárín.

Kí a tó bá Òyìnbó wí jù, kí a wo Dùgbẹ̀. Owó kòkó ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn fi kọ́ ilé alájà mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n tí ó parí ní 1965, a sì pè é ní Ilé Kòkó. Orúkọ èso ni a fi pè é, a kò fi orúkọ àgbẹ̀ pè é. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, ní 1968, àwọn àgbẹ̀ tí ó yí Ìbàdàn ká dìde lábẹ́ orúkọ Àgbẹ́kọ̀yà nítorí owó orí. Nígbà náà ni ọ̀pọ̀ ará ìgboro tó mọ̀ pé kòkó ní ẹni tí ń gbìn ín.

Ọdẹ́kú

Ọ̀rọ̀ ọkà ni ó kù. Nàìjíríà kì í ṣe àjèjì nínú ìtàn àwọn ilé ìpọntí méjèèjì tí a ti mẹ́nu bà. Ní 1946, Heineken àti ilé-iṣẹ́ UAC jọ dá Nigerian Breweries sílẹ̀; ọtí Star àkọ́kọ́ jáde ní Èkó ní 1949, ilé ìpọntí wọn ní Ìbàdàn, ní ọ̀nà Ifẹ̀, sì bẹ̀rẹ̀ ní 1982. Guinness kọ́ tirẹ̀ sí Ìkẹjà ní 1962, èyí tí í ṣe àkọ́kọ́ rẹ̀ lẹ́yìn Ireland àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 2007, Nàìjíríà ti ń ra ọtí náà ju Ireland fúnra rẹ̀ lọ.

Láti ọjọ́ kìíní oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́ 1988, ìjọba ológun Babangida fi òfin de kíkó ọkà báálì wọ ìlú. Àwọn apọntí kò ní ibòmíràn tí wọ́n lè yà sí ju ọkà bàbà àti àgbàdo lọ. Àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ jókòó tì í títí wọ́n fi mọ bí a ti í fi ọkà bàbà pọn ọtí bíà lọ́pọ̀ yanturu. Òfin náà kò dúró títí, ṣùgbọ́n ọkà bàbà kò kúrò. Guinness tí wọ́n ń pọn ní Nàìjíríà jẹ́ ọtí ọkà bàbà àti àgbàdo tí a po àyọkúrò dúdú kan láti Dublin mọ́. Ohun mẹ́rin tí wọ́n ń fi han àlejò nínú ilé alájà méje, pẹ̀lú gbogbo ọlá tí wọ́n fi bò wọ́n, kì í ṣe ohun tí ó wà nínú ìgò tí ọmọ Yorùbá ti mọ̀ láti ilé. Ó lè fi ọwọ́ kan ọkà tí ó wà níbẹ̀, kí ó sì máa rò pé òun ti rí orísun ọtí òun. Orísun rẹ̀ wà ní oko ọkà bàbà ní òkè Ọya.

Àlàyé kan náà bá orúkọ lọ. Ní Dublin, ìfọwọ́sí Arthur ni ó wà lára gbogbo nǹkan. Ní Nàìjíríà, àwọn tí ń mu ún ti sọ ìgò ńlá rẹ̀ ní Ọdẹ́kú. Ẹni tí ó bá wọ ilé ọtí kan ní Ṣàngó ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, tí ó sì béèrè Ọdẹ́kú, kò sí ẹni tí yóò bi í pé kí ni ìyẹn. Ní ìlànà Yorùbá, ẹni tí ó sọ nǹkan lórúkọ ti ní ìpín nínú rẹ̀. Ìsọmọlórúkọ yìí jẹ́ iṣẹ́ lítíréṣọ̀, kékeré bí ó ti wù kí ó rí, àwọn tí ó sì ṣe é kò fọwọ́ sí ìwé kankan. Ó yẹ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ èdè tí ń gba ọ̀nà Sámọ́ńdà kọjá sí Ṣàngó lójoojúmọ́ ti gba irú orúkọ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ púpọ̀ ju bí wọ́n ti ṣe lọ.

Ògúnmọ́lá ṣe àyípadà kan sí ìtàn Tutùọlá tí àwọn lámèyítọ́ kan kò fẹ́ràn: ó sọ gbogbo ìrìn-àjò náà di àlá, tí Lánkẹ́ fi jí. Ìwé Tutùọlá le jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé nínú rẹ̀ adẹ́mu kú, kò sì jí. Ṣùgbọ́n àlá Ògúnmọ́lá náà ní èrè tirẹ̀ fún ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tí ó jí lójú àlá lè dìde, kí ó jáde síta, kí ó lọ wo bóyá adẹ́mu ṣì wà láàyè.

Nílé, ó ṣì wà. Ọkà bàbà tí Ìkẹjà ń lò ni a fi ń pọn burùkùtù, àgbàdo ni a fi ń pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́, obìnrin ni ó sì sábà máa ń pọn ọ́n. Apọntí a rẹ ọkà sínú omi títí yóò fi mu omi yó. A dà á síbi kan, a fi ewé bò ó títí yóò fi hù. A sá a sóòrùn kí ó gbẹ. A lọ̀ ọ́. Fún burùkùtù, wọ́n ń po gààrí mọ́ ọn. A dà á sómi, a sè é, a sì fi sílẹ̀ kí ó kan. Yàtọ̀ sí òdòdó hops tí kò sí níbẹ̀ àti gààrí tí kò sí lọ́hùn-ún, ohun tí àlejò fi tíkẹ́ẹ̀tì wò ní Dublin náà nìyí, ní ìtẹ̀léra kan náà: rírẹ, híhù, gbígbẹ, lílọ̀, sísè, kíkan. Kò sí òpó irin níbẹ̀, kò sí fíìmù. Apọntí dúró ti ìkòkò rẹ̀, igbá wà lọ́wọ́ rẹ̀, èéfín ń wọ̀ ọ́ lójú. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ìdí tí ti àná fi kan ju ti òní lọ lè bi í.